Òǹkà Ilé àti Òǹkà Ìdánwò

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá lónìí, bí ọmọ ọdún méje bá gbé iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò jáde lálẹ́, èdè ilé a yí padà lójijì. Ìyá tí ó fi Yorùbá jí ọmọ náà lówùúrọ̀, tí ó fi Yorùbá bù ún lóúnjẹ, tí ó sì fi Yorùbá bá a wí nígbà tí ó da omi sílẹ̀, yóò gbé èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ bí ẹni gbé aṣọ òde wọ̀, yóò sì ní kí ọmọ máa ka tébù. Ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì, yóò máa mi orí, yóò máa kọ ọ́ bí orin. Bí orin náà bá já mọ́ ọn lẹ́nu ní ibi méje ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kò ní ohun tí yóò fi so ó pọ̀. Àfi kí ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó yọjú wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ẹgba wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì bi í lọ́jọ́ kejì pé bí ọmọ mẹ́jọ bá gba àgbálùmọ̀ méje méje, mélòó ni gbogbo rẹ̀, kò mọ̀ pé orin àná ni wọ́n ń béèrè.

Èrò kan ni ó wà nídìí àṣà yìí, bí àwọn tí ó ń dá a kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde: pé Yorùbá dára fún ìtàn, fún oríkì àti fún ìkíni, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi ṣírò. Èrò náà kò tọ̀nà rárá. Èyí tí ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ta kò ó, èyíinì ni àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Yorùbá, ni ó ń fún un lágbára lójoojúmọ́.

Nínú kíláàsì Yorùbá, òǹkà ti di ohun àkọ́sórí. Olùkọ́ a kọ 95 sí ojú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ a kọ àrùndínlọ́gọ́rùn-ún sí abẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ a tún kọ 1400, akẹ́kọ̀ọ́ a dáhùn pé egbèje. Ó gba máàkì, ó kọjá sí orí ìró kọ́ńsónáǹtì, ọ̀rọ̀ òǹkà sì parí títí di òwúrọ̀ ìdánwò. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó mú kí egbèje jẹ́ egbèje. Bí wọ́n bá bi í, tí ó sì ronú díẹ̀, yóò rí i pé igba méje ni ó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà, àti pé ẹni tí ó bá sọ pé ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀fà, egbèje, ti ka tébù igba láti orí mẹ́ta dé orí méje láìmọ̀. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin. Ìsọdipúpọ̀ ni àwọn baba ńlá fi kọ́ ilé òǹkà yìí láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, síbẹ̀ wọ́n ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ orúkọ àwọn odò ilẹ̀ Áfíríkà.

Àlejò ti ṣàkíyèsí èyí tipẹ́. Ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tí ìjọ C.M.S. rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí òǹkà Yorùbá, ó sì ṣàpèjúwe bí wọ́n ti ń ka owó ẹyọ. Wọn a da ẹyọ sílẹ̀ láti inú àpò, wọn a máa fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin di ogún. Òkìtì ogún márùn-ún, wọn a gbá a jọ, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ọmọ tí ó bá jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí irú owó bẹ́ẹ̀ kò ka tébù kankan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí márùn-ún mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ fà á, etí rẹ̀ sì gbọ́ orúkọ tí ó ń jẹ́. Ohun mẹ́ta tí tébù orí ahọ́n kò lè fún un nìyẹn.

Àwọn tí ó ń ráhùn sí òǹkà Yorùbá a máa ka ẹ̀sùn sí àwọn òǹkà oní-dín lọ́rùn ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n ní kí ni ó dé tí ènìyàn yóò fi pe 19 ní ọ̀kàndínlógún, tí yóò lọ dé ogún kí ó tó tún padà sẹ́yìn? Ó dára, kí òbí bi ọmọ pé mélòó ni ọ̀kàndínlógún ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lórí ìwé, ọmọ yóò kọ 19, yóò kọ 3 sí abẹ́ rẹ̀, yóò ní mẹ́sàn-án ní ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ 27, yóò kọ 7, yóò gbé 2, bí kò bá sì gbàgbé 2 tí ó gbé, yóò gúnlẹ̀ sí ìdáhùn. Lẹ́nu, ọ̀nà kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún mẹ́ta jẹ́ ọgọ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀kan dín. Ẹ̀ta ni ó dín nínú ọgọ́ta: ẹ̀tàdínlọ́gọ́ta. Ìdáhùn àti àlàyé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀kàndínlógún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ṣe jẹ́ ẹ̀rìndínlọ́gọ́rin, tí èjìdínlógún ní ẹ̀ẹ̀mejì sì jẹ́ ẹ̀rìndínlógójì. Àní 95 tí olùkọ́ kọ sí ojú pátákó, ọ̀kàndínlógún ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Àrùn-ún tí ó dín náà sì wà ní iwájú orúkọ rẹ̀ gbangba. Òtítọ́ ni pé kì í rí bẹ́ẹ̀ títí lọ. Bí ó bá di ọ̀kàndínlógún ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, iye náà jẹ́ 114, Yorùbá sì ń pè é ní ẹ̀rìnléláàádọ́fà, orúkọ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń bá dín àti lé ṣeré kò ní sọnù níbẹ̀.

Wọ́n tún ní òǹkà oníogún ti pẹ́ jù, pé òǹkà onímẹ́wàá nìkan ni ọpọlọ ọmọdé lè gbé. Kí wọ́n kọjá sí Kétu, sí Sábẹ̀ẹ́ tàbí Pọ̀tọ̀nóvò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n bi àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń fi Faransé kàwé bí wọ́n ti ń ka 97. Orúkọ tí Faransé fún un, bí ènìyàn bá tú u palẹ̀, ni ogún mẹ́rin àti ẹ̀tàdínlógún. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ń pe 50 ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé ogún kẹta kò ju ààbọ̀ lọ, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì àádọ́ta, níwọ̀n bí àádọ́ta ti jẹ́ ọgọ́ta tí ẹ̀wá dín níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wí pé kí Faransé tàbí Dẹ́ńmáàkì gbé èdè wọn tì kí ọmọ wọn tó lè mọ ìṣirò. Ọmọ Yorùbá nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́bi nítorí ogún.

Àtakò kan wà tí ó lágbára ju ìwọ̀nyí lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òun ni pé ọ̀pọ̀ òbí fúnra wọn kò lè ka òǹkà Yorùbá kọjá àádọ́ta láìkọsẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n fi Yorùbá ran ọmọ lọ́wọ́, ojú yóò tì wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìsọdipúpọ̀ àti pínpín tí ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án nílò kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹkà ńlá. Inú gírámà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, gírámà yìí sì wà lẹ́nu gbogbo òbí, ìbáà ṣe ẹni tí ó ń pe 57 ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn onímọ̀ èdè gan-an nìyí. Pínpín ọ̀nà méjì ni ó wà nínú ìṣirò, èyí sì ni ó máa ń da ọmọ láàmú jù, nítorí ìwé ìṣirò a máa fi àmì kan ṣoṣo kọ méjèèjì. Bí ọsàn méjìlá bá wà nílẹ̀, ènìyàn lè béèrè pé bí wọ́n bá pín in fún ọmọ mẹ́ta, mélòó ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó sì tún lè béèrè pé bí wọ́n bá ń kó o ní mẹ́ta mẹ́ta, òkìtì mélòó ni yóò jáde. Mẹ́rin ni ìdáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ń ṣe níhìn-ín yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣe lọ́hùn-ún. Nínú ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ń há a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yí àwọn ọmọ ká. Nínú ti kejì, ó ń bù ú ní ìwọ̀n kan náà títí yóò fi tán. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀ rí. "Pín in sí mẹ́ta" kì í ṣe "pín in ní mẹ́ta mẹ́ta". Àpètúnpè ọ̀rọ̀ òǹkà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé gírámà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń fi ìpín hàn, ni irinṣẹ́ tí ó dára jù tí òbí ní lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́ ọ yé. Bí ìyá bá ní kí ó to bàtà ní méjì méjì, kò ní béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Nítorí náà, òbí tí ó fẹ́ kọ́ ọmọ ní pínpín kò nílò ìwé olówó gọbọi tàbí olùkọ́ lẹ́sìn tí ó ń wá lálaalẹ́. Kí ó fún ọmọ ní iṣẹ́ bíbu ẹran. Bí ẹran mẹ́tàlá bá wà nínú ìkòkò, tí ọmọ mẹ́rin sì wà nílé, kí ó bi í kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú pé mélòó ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, mélòó ni yóò sì ṣẹ́ kù. Mẹ́ta mẹ́ta ni, ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Ẹyọ kan yìí ni ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Nínú ilé Yorùbá, àgbà ni ó máa ń gbà á, ọmọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ni ìyẹn, kì í ṣe ìṣirò, ó sì yẹ kí òbí sọ fún un pé bí kò bá ti ọ̀wọ̀ àgbà, ṣe ni wọn ì bá gé ẹyọ náà sí ọ̀nà mẹ́rin ọgbọọgba, kí ìdá kan nínú mẹ́rin kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nídìí ìkòkò kan, ọmọ ti rí pínpín, ó ti rí àṣẹ́kù, ó sì ti rí ibi tí ìdá ti jáde wá. Ìwé ìṣirò mìíràn a fi ọdún méjì sí àárín wọn.

Lẹ́yìn ìkòkò ọbẹ̀, ọpọ́n ayò ni ó tún kàn. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá lè kọ àròkọ ojú ewé mẹ́ta lórí ayò ọlọ́pọ́n gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá, kí wọ́n má sì fi gbólóhùn kan sọ ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀. Ilé méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan bí eré bá ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀mẹfà jẹ́ ẹ̀rìnlélógún fún ọ̀tá, ẹ̀rìnlélógún fún ọ̀pẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ èjìdínláàádọ́ta. Ọmọ tí ó bá to ọpọ́n fún bàbá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ti ṣe ìsọdipúpọ̀ yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kí bàbá wá yí i padà: kí ó ní kí ọmọ fi mẹ́ta mẹ́ta tò ó, kí ó sọ iye tí yóò ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó ní ilé mẹ́jọ péré ni àwọn fẹ́ lò lónìí, kí ọmọ pín èjìdínláàádọ́ta sí i dọ́gba. Yóò rí mẹ́fà mẹ́fà. Kí ó ní ilé márùn-ún. Yóò rí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, mẹ́ta yóò sì ṣẹ́ kù, ọmọ yóò sì wojú bàbá rẹ̀ bóyá òun ṣì í ni. Kò ṣì í. Bí eré bá sì bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ ń wò ó bóyá ọmọ ayò méje tí ó wà nínú ilé òun lè dé ilé ọ̀tá tí ó ní ẹyọ kan tàbí méjì, kí òun lè jẹ, ìṣirò àfọkànṣe ni ó ń ṣe, ó sì ń ṣe é láìsí ẹgba.

Ọ̀rọ̀ ìdá nílò ìṣọ́ra díẹ̀. Yorùbá ti ní ìdá lẹ́nu kí ilé-ìwé tó dé. Ẹni tí ó sọ pé agogo méjì ààbọ̀ lù ti lo ìdá. Ọmọ onígbàgbọ́ tí ó ń gbọ́ ìdámẹ́wàá ní ìjọ láti kékeré ti ní ìdá kan nínú mẹ́wàá létí, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú Bíbélì Yorùbá láti ayé Àjàyí Crowther. Ọmọ mùsùlùmí tí òbí rẹ̀ ń yọ sàká owó ti ní ìdá kan nínú ogójì. Kí ni ó dé tí kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ìṣirò ni? Bí òbí bá lè ní kí ọmọ kó ọgọ́rùn-ún ẹ̀wà sílẹ̀, kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá dọ́gba, kí ó fa ìpín kan sọ́tọ̀, ìdámẹ́wàá yóò kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwàásù, yóò di ohun tí ojú rí.

Ìṣọ́ra ibẹ̀ nìyí. Bí ènìyàn bá sọ pé "ìdá mẹ́rin", olùgbọ́ kan lè mú un bí ìpín kan nínú mẹ́rin, ẹlòmíràn lè mú un bí ìpín mẹ́rin. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi "ìdá kan nínú mẹ́rin" kọ́ ọmọ, kò sì ní gé e kúrú títí yóò fi yé e. "Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin" kò ní rú ọmọ náà lójú lẹ́yìn èyí. Bákan náà ni "lọ́nà mẹ́ta", tí àwọn kan ń lò fún ìsọdipúpọ̀, lè dà pọ̀ mọ́ "sí ọ̀nà mẹ́ta" ti pínpín. "Ní ẹ̀ẹ̀mẹta" ni ó mọ́ jù. Ẹ̀wẹ̀, ìdájì ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò bó ṣe wù wọ́n: ẹlòmíràn a pín búrẹ́dì sí méjì, a ní kí wọ́n fún òun ní ìdájì tí ó tóbi. Ìdájì kì í tóbi ju ara wọn lọ. Obì aláwẹ́ mẹ́rin dára fún bíbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìdá, ṣùgbọ́n awẹ́ rẹ̀ kì í sábà dọ́gba, ọmọ tí ó bá sì du awẹ́ ńlá ti mọ èyí ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Kí wọ́n fi obì ṣí ọ̀rọ̀, kí wọ́n fi búrẹ́dì tàbí iṣu sísè parí rẹ̀, kí wọ́n gé e sí mẹ́rin, kí wọ́n tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Nígbà náà ni ọmọ tí ó rò pé ìdá kan nínú mẹ́jọ gbọ́dọ̀ tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibòmíràn tí ó lè ṣi ọmọ lọ́nà ni kíka ọjọ́. Yorùbá a máa ka òní mọ́ ọn. Ọjà tí wọ́n ń pè ní ọrún, ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàrin rẹ̀ àti èkejì. Ìsán jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Bí òbí bá mọ̀, ó lè fi èyí kọ́ ọmọ ní mẹ́rin, mẹ́rin méjì àti mẹ́rin mẹ́rin. Bí kò bá mọ̀, kí ó fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀, kí ó má baà kó ìdààmú bá ọmọ.

Fún ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀, káàdì àjọ ìyá rẹ̀ sàn ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Bí ìyá bá ń dá igba náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, igba ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́ta jẹ́ ẹgbàáta: ₦6,000. Kò sí ohun tí ó yẹ kí wọ́n gbé lórí ìwé. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀, ìdá kan nínú ọgbọ̀n, ìyá yóò sì gba ₦5,800. Láti 2000 ni ilẹ̀ Nàìjíríà ti ní owó igba náírà, láti 1977 ni ó sì ti ní ogún náírà. Òpó òǹkà Yorùbá gan-an ni ìjọba tẹ̀ sórí bébà, tí ó kó sínú àpò gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ wọ́n ń sọ pé òǹkà náà kò bá ayé mu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni ọ̀rọ̀ pínpín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ogún pínpín ní ọ̀nà méjì: ìdí-igi, tí ń pín in sí iye ìyàwó tí ó bímọ, àti orí-òjorí, tí ń pín in sí iye ọmọ. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tí ó dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ọmọ tí ó dá wà lábẹ́ ìyá rẹ̀ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ orí-òjorí, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni. Ìgbìmọ̀ náà fi ọwọ́ sí ìdí-igi. Ẹni tí kò mọ bí mẹ́rin ti yàtọ̀ sí mẹ́sàn-án ní abẹ́ ìdá kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá a jà sí.

Àwọn kan yóò ní gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Ẹ̀rí wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Ìwé tí ó sọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1989: àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tilẹ̀ tayọ wọn ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́. Ní Ifẹ̀ yìí kan náà ni Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ti bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1980. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2001, ó sọ bí olùkọ́ kan ti fi okùn wọn gíga àwọn ọmọ, tí ó sì ní kí wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí wọ́n ka iye mẹ́wàá mẹ́wàá tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì ro ìyókù mọ́ ọn. Ohun tí ó wà nínú ìwé ìtọ́ni olùkọ́ kọ́ nìyẹn, ẹnu sì ya àlejò náà. Ṣùgbọ́n ó yé àwọn ọmọ. Olùkọ́ yẹn ti sọ gígùn di òkìtì, ó sì ń kà á bí ẹni ń ka ẹyọ.

Ìjọba ti lọ síwá sẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 fi ọwọ́ sí èdè àdúgbò fún ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti oṣù kọkànlá ọdún 2022 nà án dé ọdún mẹ́fà. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó sì di ẹ̀bi ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò ru èdè abínibí. Ó ṣòro láti rí bí èdè tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni inú ìlú kò tilẹ̀ lò rí nínú kíláàsì ìṣirò ṣe lè jẹ̀bi ìjákulẹ̀ àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ìkéde yẹn kò dé inú ilé ìdáná. Kò sí òfin tí ó sọ èdè tí ìyá yóò fi pín ẹran.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹrù náà wà lọ́rùn àwọn olùkọ́ Yorùbá nísinsìnyí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jókòó ìdánwò òǹkà lọ́dọọdún ni wọ́n ń padà sílé lálẹ́ láti ran àbúrò wọn lọ́wọ́. Àwọn ni òbí ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá lé lọ́wọ́. Bí gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé 95 ń jẹ́ àrùndínlọ́gọ́rùn-ún, tébù orin náà ni wọn yóò tún fi lé àbúrò wọn lọ́wọ́. Àwọn tí ó ń ṣètò ìdánwò lè yí èyí padà láàrin ọdún kan. Dípò kí ìbéèrè sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ òǹkà márùn-ún ní èdè Yorùbá, kí ó ní kí ó ṣàlàyé ìdí tí ọ̀kàndínlógún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin fi jẹ́ ẹ̀rìndínlọ́gọ́rin. Kí ó ní kí ó sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin "pín in sí mẹ́fà" àti "pín in ní mẹ́fà mẹ́fà", kí ó sì fi ọmọ ayò èjìdínláàádọ́ta ṣe àpẹẹrẹ méjèèjì.